Gémù Méjì Tí Mo Gbé Lọ Sè Wò

Ẹni tó bá sọ fún mi pé ọmọdé ló ń gbá gémù, mo máa ń wo onítọ̀hún títí ojú á fi tì í. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti ń rí àwọn àgbààgbà tó ń fi gbogbo ọ̀sán wo fídíò ẹni tó ṣubú sínú gọ́tà, tí wọ́n á tún wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi gémù ṣe. Ẹni tó ń wo aṣubú-sí-gọ́tà láti àárọ̀ kò lẹ́nu láti bá mi sọ̀rọ̀.

Irú gémù tí mo fẹ́ràn kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn láìdáwọ́dúró, tí èèyàn á máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tí ìjàlọ ń ta. Tèmi ní ètò. Arìnrìn-àjò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lo máa darí. Wọ́n á máa la igbó kọjá, wọ́n á pàdé ẹranko burúkú lọ́nà, ìjà á sì dé. Nínú ìjà náà, ìwọ á ṣe tìrẹ, ọ̀tá á ṣe tiẹ̀. Tó bá ti kan ọ́, gbogbo nǹkan á dúró. Ẹranko tó la ẹnu sílẹ̀, tí eyín rẹ̀ gùn tó ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ iṣu, á kàn máa mì lọ, á máa mì bọ̀ lójú kan, á máa wò ọ́. O lè lọ roko. O lè lọ sí ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ibi tó o bá a sí náà lo máa padà bá a.

Ìdí tí mo fi ń wá irú rẹ̀ kò jìnnà. Ọdún kejì rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá màmá mi jókòó ní ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọpọlọ wọn pé, kódà ó mú ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ẹnu kì í tètè gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ kan á jáde, èkejì á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí kò dá ilé lójú. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹbí kó ara wọn jọ. Wọ́n wò yí ká títí ojú wọn fi bà sára èmi àbígbẹ̀yìn tí kò ní ọkọ, wọ́n sì ní Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe tó fi dá mi sí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ náà wọkọ̀ padà sí Àbújá ní ọjọ́ kejì.

Mo fi yàrá tí mo gbà ní Ọ̀yẹ́ sílẹ̀, mo padà sílé. Aládùúgbò kan máa ń wá jókòó ti màmá mi tí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí nírọ̀lẹ́, òun á ti máa gbọn ẹ̀yìn ìró nù, á sì ku èmi àti màmá mi nínú ilé. Láti ìgbà yẹn títí di ìgbà tí a ó sùn, wọ́n lè pè mí ní ìgbà ogún. Mo fẹ́ nǹkan kan, ẹyọ kan péré, tó máa dúró dè mí tí mo bá dìde, tí kò sì ní bínú tí mo bá pẹ́. N ò rò pé ohun tí mo béèrè ti pọ̀ jù.

Fóònù kọ́ ni mo ń wí. Mo ti gbá gémù lórí fóònù títí mo fi kórìíra rẹ̀. Ìgbà tí akọni rẹ bá gbé idà sókè ni ìpolówó ọṣẹ máa jáde. Tí ìpolówó bá lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní Àbújá á pè láti béèrè bí ara màmá ṣe ń ṣe, kò sì ní dúró gbọ́ ìdáhùn kó tó máa sọ bí ooru ṣe ń mú wọn lọ́dọ̀ òun. Bátìrì á wá kú. Ní ti iná ìjọba ní agbègbè wa, ẹni tó bá rí i kó jọ̀wọ́ bá wa kí i.

Kí n tó dé orí bí mo ṣe yan gémù, ó yẹ kí n sọ pé mo mọ màmá mi tọ́jú. Mo ti mọ èrò wọn tán. Tí wọ́n bá ti ní "Bá mi mú...", mo ti dìde, mo ti bu omi wá. Tí wọ́n bá ní "Ṣé o...", mo ti dáhùn pé mo ti jẹun. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ọmọ tó mọ inú ìyá rẹ̀ nìyí, pé wọn ò tíì ní kí n ṣe nǹkan tí mo ti ń ṣe é. Mo gba ìyìn náà, mo sì dúpẹ́. Oúnjẹ nìkan ni kì í wọ̀ wọ́n lára. Mo máa ń ra iṣu gidi lọ́jà Ìkọ̀lé, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ mi jẹ nídìí iṣu, ọmọ oníṣu ni mí. Síbẹ̀, tí mo bá sè é, ìdajì ló máa ń kù sínú àwo wọn. Mo gbà pé àìsàn ló ba ẹnu wọn jẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún pé mo fẹ́ ra gémù ni díákónẹ́ẹ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn kó tó sọ fún mi pé ẹ̀mí tó wà nínú gémù kì í jáde bọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè pé èyí tó wà nínú fídíò gọ́tà ńkọ́, ó sì gbé ojú padà sórí fóònù rẹ̀. Mo wá bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ti ń gbé gémù sókè lójú fídíò bí ẹni ń kó ọmọ tuntun jáde. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan nípa bí dúdú ojú ẹ̀rọ ṣe dú tó. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe máa ṣe tó bá jẹ́ pé sólà kékeré kan lẹ ní, tí ìkùukùu sì bo Ìjẹ̀ṣà-Iṣu láti òwúrọ̀.

Níkẹyìn mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta fóònù àti gémù tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà yunifásítì. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni ọ̀gbẹ́ni yìí. Ó ti kàwé gboyè, ó sì fẹ́ kí gbogbo oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọjà. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó gbé gémù méjì jáde sórí gíláàsì.

Ti àkọ́kọ́ dúdú, ó fẹ̀, ó ní ibi ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní kò sí gémù tí kò lè gbé láyé yìí. Èkejì kéré. Ó ń ṣí bí ìwé orin, ó ń pa dé bí ìwé orin. Àwọ̀ pupa ara rẹ̀ ti ṣí, ẹnìkan ní òkè òkun sì ti lẹ bébà òdòdó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bébà náà ò ṣeé bó. Mo gbé dúdú lọ́wọ́ kan, mo gbé pupa lọ́wọ́ kejì, mo ń gbé wọn sókè sódò. N ò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tí ọkùnrin náà bi mí bóyá mo fẹ́ fi gún iyán ni.

Màmá mi ló kọ́ mi. Iṣu ni wọ́n tà láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ títí di ọjọ́ tí àìsàn dé. Ẹ̀kọ́ wọn kò ju mẹ́ta lọ: gbé e wò, fi èékánná ha ìdí rẹ̀, kàn án kó o gbọ́ ohùn rẹ̀. Iṣu tó bá wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ ló gbó. Èyí tó bá fúyẹ́, ó ti rọ, tàbí kòkòrò ti ṣe é lóore. Gémù pupa fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ohun tí kòkòrò ti jẹ tán, mo sì ti fojú pa á rẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni náà tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé pé pupa ló máa bá ọ̀nà tí mo ń gbé mu. Mo ní kó má dà mí láàmú, pé mo lójú.

Síbẹ̀ mi ò jẹ́ ra nǹkan láìdán an wò. Nígbà tí màmá mi ń tajà, oníbàárà tó bá fẹ́ kó òkìtì iṣu máa ń mú ẹyọ kan lọ sílé lọ sè wò. Tó bá korò, tàbí tó rọ, á padà wá sọ, kò sì ní sí ìjà. Mo ní kí ọkùnrin yìí jẹ́ kí n gbé gémù lọ sè wò. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di gíláàsì mú. Ó wá béèrè ibi tí irú òwò bẹ́ẹ̀ ti wà, mo sọ fún un, mo júwe ìsọ̀ màmá mi létí títì fún un. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dọ̀ màmá mi ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ti ń ra iṣu nígbà tí ìyẹn ń ta iyán. Ó ní òun fúnra òun ti ru iṣu tí wọ́n ń lọ sè wò rí. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni, ó sì kó méjèèjì fún mi, pé kí n dá ọ̀kan padà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n má jẹ́ kí nǹkan ha á lójú. Èyí tí màá dá padà ti dá mi lójú kí takisí tó kúrò ní Ọ̀yẹ́.

Mo gbé méjèèjì sórí tábìlì kékeré tí màmá mi fi ń jẹun, níwájú àga wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé pupa, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé. Wọ́n gbìyànjú láti gbé dúdú, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́wọ́ wọn, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀. Wọ́n wá fi ìka kan pupa.

"Èyí," ni wọ́n wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló kọ́ wa pé ohun tó bá fúyẹ́ kò níláárí, àb'ẹ́ẹ ti gbàgbé? Wọ́n la ẹnu. "Uṣu..." ni mo gbọ́. Mo ti dé inú yàrá, mo ti ń wá ibi tí màá ki ṣájà bọ̀, kí ọ̀rọ̀ kejì tó jáde. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó ronú sí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé iṣu kọ́ ni gémù.

Láti òwúrọ̀ Sátidé ni mo ti jókòó ti dúdú. Nígbà tí mo tàn án, ó ní òun ò lè ṣiṣẹ́ àfi tí òun bá kọ́kọ́ gba nǹkan tuntun láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdí igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dá wa lóhùn, nítorí náà mo gbé àga lọ síbẹ̀, mo fi fóònù fún un ní dátà, mo sì ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko kí mi pé ẹ kú ìjókòó. Ó jẹ dátà títí oòrùn fi dé àtàrí. Nígbà tó yó, ó ṣí, mi ò sì ní purọ́, ó rẹwà. Koríko inú rẹ̀ ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn arìnrìn-àjò mi jáde nílùú wọn, wọ́n rí odò, wọ́n rí òkè, nǹkan kékeré inú ẹ̀rọ náà sì ń fẹ́ atẹ́gùn, ó ń mí hẹ̀hẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Wọn ò tíì pàdé ẹranko kankan tí àmì pupa fi yọ pé bátìrì ti fẹ́ tán.

Mo gbé e lọ sídìí sólà. Màmá mi pè mí. "Bá mi mú..." ni wọ́n wí, mo sì bu omi wá. Mo padà sídìí gémù. Kò pẹ́, wọ́n tún pè. "Bá mi... mú..." Mo tún bu omi wá. Wọ́n wo kọ́ọ̀bù náà, wọ́n wò mí, wọ́n gba omi, wọ́n mu ún. Mo padà síbi iṣẹ́ mi.

Títí ilẹ̀ fi ṣú, ìjà méjì péré ni mo jà. Ọrùn ọwọ́ ń dùn mí, àtẹ́lẹwọ́ mi gbóná. N kò lè dùbúlẹ̀ gbá a nítorí tó bá já lu èèyàn lójú, ọ̀rọ̀ di ti ọsibítù. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbèjà nínú ọkàn mi. Mo ní ohun rere ló ń wúwo. Mo ní àwọn ọ̀lẹ ló máa ń ráhùn.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹgbẹ́ àwọn ìyá láti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí màmá mi. Wọ́n tó mẹ́fà, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí wọn béèrè lọ́wọ́ màmá mi bóyá ara ti ń yá, ó sì dáhùn fúnra rẹ̀ pé a dúpẹ́. Òmíràn béèrè bóyá wọ́n ń rí oorun sùn, ẹlòmíràn ní wọ́n ń sùn dáadáa, ẹ ò rí bí ojú wọn ṣe ń dán. Màmá mi á la ẹnu, wọ́n á ti kọjá ibẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín fúnra wọn, wọ́n mu mínírà, wọ́n lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín láàárín eyín mi. Ẹ wo àwọn tó wá kí aláìsàn tí wọn ò kí aláìsàn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ ọ́ jáde. Mo ní, "Màámi, àwọn èèyàn yìí ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀."

Màmá mi wò mí. "Ìwọ..." ni wọ́n wí.

"Mo ti jẹun," ni mo dá wọn lóhùn, mo sì lọ fọ kọ́ọ̀bù.

Ìkùukùu bo ojú ọ̀run lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gémù dúdú kú pátápátá, sólà kò sì rí oòrùn tó máa fi jí i. Ó wá di dandan kí n lọ gbá pupa, ìtìjú gbáà. Mo wá a lórí àpótí tí mo fi í lé, n kò rí i. Orí tábìlì màmá mi ló wà. Ó ṣí sílẹ̀ gbalaja níwájú wọn, iná ojú rẹ̀ ń tàn, ọwọ́ òsì wọn sì wà lórí bọ́tìnnì. Bátìrì tí olùtajà fi sínú rẹ̀ láti Jímọ̀ọ̀ ló ṣì ń lò.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nínú gémù náà, àwọn mẹ́ta wà nínú igbó: bàbá arúgbó kan tó ní ọ̀pá, ọmọbìnrin kan tó ní ọfà, àti alásè kan tó gbé ìgbakọ dání. Ìmàdò burúkú kan ló dúró níwájú wọn, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó mẹ́rin wà nísàlẹ̀, tó túmọ̀ sí kọlù ú, dáàbò bo ara rẹ, lo oògùn, sá lọ. Màmá mi ka ìwé dé ìwé mẹ́fà, wọ́n sì ti bá oríṣiríṣi èèyàn tajà, kò sí ọ̀kan tí wọn ò lè kà níbẹ̀. Àtàǹpàkò wọn lọ sórí ti àkọ́kọ́. Ó dúró. Ó lọ sórí èkejì. Ó tún dúró.

Mo ti rí ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Alásè náà ti fẹ́ kú, oògùn ló yẹ kí wọ́n fún un. Ọmọdé máa rí i. Àtàǹpàkò kò kúrò lójú kan, ara ń ta mí. Mo rìn lọ, mo na ọwọ́.

"Èyí ni kí ẹ tẹ̀."

Màmá mi fi ìgúnpá ti ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní agbára ju bí mo ṣe rò lọ.

"Fi... ulẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Wọ́n tẹ ohun tó wù wọ́n, kò sì bá tèmi mu. Ìmàdò kọlu alásè, alásè ṣubú. Mo fẹ́ wí pé mo sọ fún yín. Ó wá tún kan màmá mi, ìmàdò náà sì dúró. Ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀, ó ń wò wọ́n. Kò sọ̀rọ̀. Kò bu omi wá.

Màmá mi gbé ojú sókè wò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. "Ó..." ni wọ́n wí, ọ̀rọ̀ sì dúró. Mo ní, "Ó rẹ̀ yín?" Wọ́n mi orí, wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pa ẹnu mi mọ́, nítorí mo rí i pé èmi ni mo dá wọn padà sẹ́yìn.

"Ó... ń dúró... dè mí."

Wọ́n sinmi. Wọ́n tún mí.

"Kò sí... ẹni tí í dúró... ní ulé... yí."

Àwa méjì péré ló ń gbé ilé náà.

Ojú tì mí. Kì í ṣe irú ìtìjú tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lásán, ó tì mí débi tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, tí n kò sì mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí. Mo ti fi àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ẹ̀gbọ́n mi ní Àbújá rẹ́rìn-ín. Àwọn yẹn máa ń wá fún wákàtí kan, tàbí kí wọ́n pè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí mò ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Màmá mi padà sídìí ìmàdò wọn. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, wọ́n pa á, wọ́n sì fi ẹnu apá kan rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo gbé dúdú padà sí Ọ̀yẹ́. Ọkùnrin náà béèrè bóyá kò jinná ni. Mo ní ó jinná, ẹnu ilé wa ni kò gbà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun ti fẹ́ sọ fún mi, pé ohun tó yẹ kí èèyàn wò lára gémù kì í ṣe ìwúwo bí kò ṣe irú ilé tó ń lọ. Mo dúró, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, láìdá sí i. Òótọ́ ni ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù, mo bá a gbọ́ ọ ni, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán ni.

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, aládùúgbò wa gbọn ẹ̀yìn ìró rẹ̀ nù, ó lọ. Pupa wà lórí tábìlì. Mo ti fẹ́ jókòó tì í tí màmá mi fi pè mí.

"Bá mi mú..."

Ẹsẹ̀ mi ti gbéra lọ sídìí àmù. Mo dá a dúró. Mo fa àpótí, mo jókòó kọjú sí wọn, mo sì gbé ọwọ́ lé itan. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé mo gbọ́ tí ẹnìkan gun ọ̀kadà lójú títì láti ìsàlẹ̀ títí ó fi kọjá ilé wa, tí ariwo rẹ̀ sì lọ tán. Ètè wọn ń mì. N kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

"...uṣu... kan... wá."

Iṣu. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo dìde, mo lọ sí ìyàrá ẹ̀yìn níbi tí mo to iṣu ọjà Ìkọ̀lé sí, mo sì mú èyí tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ jù nínú wọn wá. Mo gbé e lé wọn nítan. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé e sókè díẹ̀, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n fi èékánná ha ìdí rẹ̀. Wọ́n fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tẹ́ etí sí i. Mo ti fẹ́ sọ bí mo ṣe yàn án, bí mo ṣe ko oníṣu náà lójú, bí kò ṣe lè rẹ́ ọmọ oníṣu jẹ. Mo gbé e mì.

Màmá mi gbé ojú sókè. Ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn tí kò mọ iṣu rà ní ìsọ̀ wọn ni wọ́n fi wò mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kẹ́yìn.

"Wọ́n... yàn ọ́... jẹ."

Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti fẹ́ sọ fún mi. Mo sì tún jókòó, mo dúró.

"Ẹ̀ẹ̀rùn," ni wọ́n wí, wọ́n sì sinmi. "Ẹ̀ẹ̀rùn... èṣí."

Láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni àwa méjèèjì ti jọ ń jẹ iṣu burúkú, tí màmá mi ń fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo, tí èmi sì ń bu omi fún wọn mu.